Yanrìn Tó Ń Rìn: Bí Ẹnu Ọ̀sà Èkó Ṣe Di Èbúté Àpápá

Ní Ajégúnlẹ̀ tí mo gbé dàgbà, ìyá àgbà tó ni ilé tá à ń gbé ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ nígbàkigbà tí òjò bá sọ pálọ̀ di odò: "Ẹ má tíì gbọ́n ọn o. Ẹ jẹ́ kí òkun fà ná." Àwa ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín. Òkun wo nìyẹn, Màmá? Láti Bọ́ńdárì, ta ló rí òkun? Omi òjò ló wà nílẹ̀ yìí, ó sì ń rùn bíi gọ́tà. Ṣùgbọ́n tó bá tó wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà lóòótọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan korobá.

Ó dìgbà tí mo dé yunifásítì kí n tó mọ̀ pé sáyẹ́ǹsì gidi ni màmá yẹn ń bá wa sọ.

Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, kẹ́ ẹ wo etíkun láti Kútọnu títí kọjá Èkó. Ẹ máa rí i pé ọ̀sà gùn lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òkun sì wà ní ìta. Odò Ògùn ń dà sínú omi yìí, Ọ̀ṣun ń dà sí i, Yewa náà ń mú tiẹ̀ bọ̀. Gbogbo omi yẹn gbọ́dọ̀ rí ibì kan gbà wọ òkun. Ti Kútọnu tẹ́ ẹ rí yẹn, àwọn Faransé ló la á ní 1885. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà látayébáyé, òun ni ẹnu ọ̀sà Èkó, láàrin Victoria Island àti Tarkwa Bay. Tẹ́ ẹ bá ti gba ibẹ̀ wọlé, Àpápá ló wà lápá òsì yín. Ajégúnlẹ̀ wà lẹ́yìn Àpápá, omi tóóró tó ń bọ̀ láti Àgbádárìgì sì ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá kó tó bọ́ sínú èbúté.

Òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà. Láti ìgbà tó bá kún dé ìgbà tó máa tún kún, nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ni. Òṣùpá àti oòrùn ló ń fà á. Ní Èkó, ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ. Mítà kan lè má jọ ọmọ Ìbàdàn lójú. Ní Ajégúnlẹ̀ tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, òun ló ń pinnu bóyá kànálì á ṣàn tàbí kò ní ṣàn. Tí òkun bá kún, omi tó wà nísàlẹ̀ kànálì á ga sókè, á sì dí ẹnu rẹ̀ bí ẹni fi ìdérí dé ìgò. Òjò tó bá rọ̀ lásìkò yẹn, inú pálọ̀ yín ló ń bọ̀.

Àmọ́ ilẹ̀kùn yẹn fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí kì í ṣe bó ṣe wà lónìí ló ṣe wà tẹ́lẹ̀. Yanrìn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í pa.

Ìgbì tó ń bọ̀ láti gúúsù Àtìláńtíìkì kì í kọ lu etíkun wa ní tààrà. Apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ti ń wá, ẹ̀gbẹ́ ló sì máa ń fi wọlé. Bó bá gun etí òkun, á gbé hóró yanrìn dání lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá ń padà, tààrà ló ń ṣàn sísàlẹ̀. Lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, hóró yanrìn tẹ́ ẹ rí láàárọ̀ ti kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń gbá àgbàlá: kò gbé ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ló ń tì í títí á fi dé ìkángun. Bí òkun ṣe ń gbá yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn nìyẹn, tọ̀sán tòru, láìsinmi. Àwọn tó ń ṣèwádìí etíkun fojú bù ú pé yanrìn tó ń gba iwájú Èkó kọjá lọ́dún kan lé ní ìdajì mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Tẹ́ ẹ bá ní kí típà tó ń gbé kúbíìkì mítà 10 máa kó o, ó máa rìn ní ìgbà 50,000.

Tí yanrìn yìí bá wá dé ẹnu ọ̀sà, omi tó ń jáde á máa tì í síta, ìgbì á máa tì í padà. Kò séyìí tó borí. Níbi tí àwọn méjèèjì ti ń bára wọn jà ni yanrìn máa ń jókòó sí, á ga bí òkìtì lábẹ́ omi. "Bar" làwọn òyìnbó ń pè é, ibẹ̀ ni Bar Beach ti rí orúkọ. Orí òkìtì yìí, omi tó wà níbẹ̀ nígbà tí òkun bá fà kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta lọ. Èyí tó tún wá burú ni pé kì í dúró sójú kan. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà lóṣù yìí lè ti dí lóṣù tó ń bọ̀.

Ní December 1851, nígbà táwọn ọmọ ogun ojú omi Bìrìtìkó wá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà, ọkọ̀ ogun ńlá wọn tó ń jẹ́ Penelope kò lè wọlé. Ìta ló dúró sí. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ìdí wọn kò rì púpọ̀, bíi Bloodhound àti Teazer, ni wọ́n rán wọlé, Teazer sì tún lọ fìdí sọlẹ̀ lórí yanrìn nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní torí òwò ẹrú làwọn ṣe wá. Òótọ́ ni pé òwò ẹrú ń lọ ní Èkó nígbà náà. Àmọ́ òwò epo pupa náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa jẹ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní August 6, 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Bìrìtìkó lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Prometheus ti dúró síwájú ìlú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù rèé: àwọn òyìnbó gba ìlú, wọ́n fi gómìnà síbẹ̀, wọ́n ta àsíá, àmọ́ fún bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ńlá wọn kò tíì lè wọ èbúté tí wọ́n ní àwọn gbà. Ẹrù tó bá ń bọ̀ láti Liverpool á kọ́kọ́ lọ sí Forcados, ní agbègbè Niger Delta, tó jìn sí Èkó ju 200 kìlómítà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti já a sínú ọkọ̀ kéékèèké, kí wọ́n tó wá gbé e padà sí Èkó. Ẹrù á kọjá ilé, á lọ yípo, á tún padà wálé! Ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, ó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó ń kó ọjà bọ̀ láti òkè, yanrìn ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ní àwọn ọdún 1890, àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Coode láti London dámọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́ ògiri òkúta gbọọrọ wọ inú òkun lápá méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà. Ẹ ti fọwọ́ dí ẹnu ọ̀sì rí nígbà tẹ́ ẹ̀ ń fọ mọ́tò, àbí? Omi á tú jáde tagbáratagbára. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn: kí ọ̀nà fún pọ̀, kí omi ọ̀sà lè yára, kó máa fọ yanrìn dànù fúnra rẹ̀, kí ògiri sì dá yanrìn tó ń rìn bọ̀ dúró. Ní 1907, ọkọ̀ kan tó ń gbẹ́ yanrìn lábẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Egerton ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ gómìnà ìgbà náà. Ní 1908 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ògiri ìlà oòrùn, ti ìwọ̀ oòrùn sì tẹ̀ lé e. Ará Abẹ́òkúta, ẹ gbọ́ o: láti Àró lọ́dọ̀ yín ni òkúta náà ti wá, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọ Èkó.

Yanrìn kò ṣíwọ́ ìrìn o. Apá ìwọ̀ oòrùn ògiri ló ti wá ń kóra jọ, etíkun ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Tarkwa Bay tẹ́ ẹ máa ń lọ ṣe fàájì, tí omi rẹ̀ ń rọra rìn, ẹ̀yìn ògiri yẹn ló fara pa mọ́ sí. Lápá ìlà oòrùn, ebi yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í pa Bar Beach. Ìgbì ń kó tàtijọ́ lọ, tuntun kò rọ́nà wá. Láàrin 1900 sí 1959, etíkun tó wà nítòsí ògiri ìlà oòrùn ti fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Ìjọba ń da yanrìn sí i, òkun ń kó o. Eko Atlantic tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ báyìí tún ní ògiri tiẹ̀, àwọn ará Òkun Alfa tí wọ́n wà níwájú sì ń sá fún omi. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó tíì yanjú ìṣòro yìí. Ńṣe ni wọ́n ń tì í sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Bí ọkọ̀ ńlá ṣe rọ́nà wọlé, wọ́n nílò ibi tó máa dúró sí, ojú sì lọ sí Àpápá, torí ọkọ̀ ojú irin lè dé ibẹ̀ láìgun afárá lọ sí Erékùṣù. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ńlá kan ní Àpápá. Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun tó ni ilẹ̀ Èkó, ní kí wọ́n sanwó rẹ̀. Ìjọba ní kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀, pé àṣẹ lásán àti ìṣákọ́lẹ̀ ló ń gbà, owó díẹ̀ ló tọ́ sí i. Àwọn ilé ẹjọ́ níbí gbè sẹ́yìn ìjọba. Baba gbé ẹjọ́ lọ sí Privy Council ní London, Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. (Fún àwa ará sáyẹ́ǹsì: wíwọn ilẹ̀ ni Macaulay kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó di olóṣèlú, tiwa ni.) Ní 1921, àwọn adájọ́ London ní àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀ wọn, ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ìjọba san owó tó pé. Títí dòní làwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ yẹn.

Lọ́dún kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Àpápá, gígùn wọn tó nǹkan bíi mítà 549. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi kún un, wọ́n sì fi yanrìn tí wọ́n gbẹ́ lábẹ́ omi kún irà, wọ́n gbé ilẹ̀ Àpápá sókè fún ilé-iṣẹ́ àti ilé àwọn ọ̀gá. Àwọn tó ń ru ẹrù nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò, Yorùbá láti òkè, ẹ̀yìn ni wọ́n rí ilẹ̀ gbé, ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí kò sí dírẹ́jà kankan tó gbé yanrìn wá. Ìdọ̀tí àti lẹbulẹbu pákó ni ọ̀pọ̀ wọn fi kún irà kí wọ́n tó kọ́lé. Orúkọ náà ní ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Àpápá ló já ẹrù sí.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí màmá onílé. Òjò ti rọ̀, omi ti dé àtẹ̀gùn kejì. Mo ṣí fóònù, mo fi tábìlì kíkún àti fífà òkun hàn wọ́n, mo ní, "Màmá, ó ní á bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú." Wọ́n yọjú wo kànálì, wọ́n ní, "Ó ti kù díẹ̀ kó fà." Wọ́n wá bi mí pé èló ni mo fi ra dátà tí mo fi wò ó.