Messi ni gbogbo ojú ń ṣọ́, Rojo ló wọlé
Bí àyà àwọn olólùfẹ́ Super Eagles ṣe já kí wọ́n tó pàdé Ajẹntínà lọ́dún 2018, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba ẹnu àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2018. Yálà nídìí tábìlì àwọn oníwèé ìròyìn ni o, àbí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àbí nínú ọkọ̀ èrò, ìbéèrè tí kálukú ń bi ẹnì kejì rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni yóò mú Messi? Ní agogo méje alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni Super Eagles yóò wàákò pẹ̀lú Ajẹntínà ní ìlú St Petersburg, lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Kì í ṣe pé kò sí ìrètí o. Ìrètí wà, ìrètí náà gan-an ló sì ń dá kún ẹ̀rù. Croatia ló kọ́kọ́ fi ayò méjì sí òdo na Nàìjíríà, kí Ahmed Musa tó gbá méjì wọ àwọ̀n Iceland lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù náà. Ajẹntínà ní tiwọn gbá ọ̀mì pẹ̀lú Iceland, Croatia sì tún fi ayò mẹ́ta sí òdo fojú wọn gbolẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, Croatia ní máàkì mẹ́fà, Nàìjíríà ní mẹ́ta, Ajẹntínà àti Iceland ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí Eagles bá borí, wọ́n ti kọjá sí ìpele kejì. Bí wọ́n bá gbá ọ̀mì, wọ́n ṣì lè kọjá, àfi bí Iceland bá fi ayò tó ju ẹyọ kan lọ borí Croatia.

Ọ̀rọ̀ ọ̀mì yìí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní kí Eagles kó ara jọ sẹ́yìn, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, kí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn mìíràn ní kò sí bí èèyàn ṣe lè ti ilẹ̀kùn mọ́ Messi fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, pé ẹni tó bá ń sá fún Ajẹntínà ló ń pè wọ́n wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹ ó rò pé àwọn gan-an ni wọn yóò wọ bàtà bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kejì.

Ògiri Òyìnbó àti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún

Àwọn tí gbogbo ẹrù náà wà lórí wọn ni William Troost-Ekong àti Leon Balogun, tí àwọn olólùfẹ́ Eagles sọ ní Ògiri Òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ni bàbá Balogun, ará Jámánì ni ìyá rẹ̀, ìlú Berlin ni wọ́n sì bí i sí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Gernot Rohr, fi Kenneth Omeruo kún wọn kí ẹ̀yìn lè di ẹni mẹ́ta. Victor Moses wà lápá ọ̀tún, Bryan Idowu, ẹni tí wọ́n bí sí St Petersburg yẹn gan-an, wà lápá òsì.

Ọ̀rọ̀ aṣọ́lé tún ń kó wọn lọ́kàn sókè. Vincent Enyeama ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú ikọ̀ náà láti ọdún 2015. Carl Ikeme tó rọ́pò rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lọ́dún 2017. Francis Uzoho, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún péré, ni wọ́n wá fi síwájú àwọ̀n. Àwọn àgbà ń béèrè pé ṣé ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún ni yóò dúró de Messi.

Ohun tó ń tù wọ́n nínú ni ti oṣù kọkànlá ọdún 2017, nígbà tí Eagles fi ayò mẹ́rin sí méjì na Ajẹntínà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ní Krasnodar, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ayò méjì sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Messi kò gbá ìyẹn.

Ohun tí ojú àwọn àgbà ti rí

Àwọn tó ti ń bá bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ayé rédíò alápò mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Nàìjíríà ti pàdé Ajẹntínà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Ajẹntínà sì borí, kò sì sí èyí tó ju ayò ẹyọ kan lọ nínú rẹ̀.

Lọ́dún 1994, nítòsí ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Samson Siasia ló kọ́kọ́ jẹ ayò. Kò pẹ́ ni Claudio Caniggia gbá méjì wọlé, láti orí bọ́ọ̀lù tí rẹfirí fún wọn nítorí pé àwọn tiwa rú òfin. Nígbà tí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì fi máa wáyé, ẹ̀yìn Nàìjíríà ṣì ń tò lọ́wọ́ nígbà tí Maradona ti sáré ta bọ́ọ̀lù sí Caniggia.

Lọ́dún 2002 ní Jàpáànù, Olóyè Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ bíbí Modákẹ́kẹ́, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró gbọn-in títí di ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gọ́ta, kí Gabriel Batistuta tó fi orí kan bọ́ọ̀lù kọ́nà wọlé. Lọ́dún 2010 ní Johannesburg, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni Gabriel Heinze lò kí ó tó fi orí kan kọ́nà tirẹ̀ wọlé. Enyeama mú bọ́ọ̀lù Messi lọ́tùn-ún lósì lọ́jọ́ náà títí wọ́n fi pè é ní ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù, ṣùgbọ́n kọ́nà ẹyọ kan yẹn ti bà á jẹ́. Lọ́dún 2014 ní Porto Alegre, Musa gbá méjì, Messi gbá méjì, lẹ́yìn náà ni kọ́nà tún dé, Marcos Rojo sì fi orúnkún tì í wọlé. Mẹ́ta sí méjì.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn ayò wọ̀nyí yóò rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe àrà ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó dúró sójú kan ni, kọ́nà tàbí èyí tí rẹfirí fúnni. Atamátàsé ni ìlú ń fojú sí, Heinze àti Rojo tí wọ́n jẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn ló ń yọ́ wá ṣe é. Kódà, kọ́nà ni méjèèjì tí Croatia jẹ lọ́dún 2018 ti wá: Oghenekaro Etebo ló gbá ọ̀kan sínú àwọ̀n ara wọn, èkejì sì jẹ́ pẹnáritì nítorí pé Ekong di Mario Mandzukic mú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú lọ́jọ́ kejì, àwọn ilé ìwobọ́ọ̀lù ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú kẹrìnlá ni ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Ever Banega ju bọ́ọ̀lù láti àárín, Messi fi itan gbà á, ó fi ẹsẹ̀ tù ú, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí kì í ṣe ẹsẹ̀ agbára rẹ̀, gbá a kọjá Uzoho. Nígbà tó yá, ó tún gbá òmíràn, òpó ló gbà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsinmi, Javier Mascherano di Balogun mú níbi kọ́nà, rẹfirí sì fọn fèrè. Moses gba pẹnáritì náà wọlé ní ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́ta. Ọ̀kan sí ọ̀kan! Láti ìgbà náà lọ, Eagles wà nínú ìpele kejì, bí wọ́n bá ti lè mú un dúró. Bọ́ọ̀lù tiẹ̀ kan Rojo lọ́wọ́, rẹfirí lọ wò ó nínú ẹ̀rọ, ó ní kò sí pẹnáritì. Odion Ighalo rí àyè, kò wọlé.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí àádọ́rùn-ún pé nígbà tí Gabriel Mercado gbé bọ́ọ̀lù wọlé láti apá ọ̀tún. Messi kọ́ ló dúró dè é. Rojo ni, Rojo ọdún 2014 yẹn kan náà, ọwọ́ ẹ̀yìn tó sá wá síwájú, tí ẹnikẹ́ni ò dì mú. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni. Croatia sì na Iceland méjì sí ẹyọ kan lálẹ́ náà, èyí tó fi hàn pé ọ̀mì ìbá tó Nàìjíríà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni àwọn èèyàn tó gbọ́ pé ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ fún John Obi Mikel, ọ̀gá ikọ̀ náà, pé àwọn ajínigbé ti gbé bàbá rẹ̀. Ó pa á mọ́ra, ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ parí. Ọlọ́run ṣe é, bàbá náà gba òmìnira ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń bu àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ló gbẹ́nu dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, ayò ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ya Nàìjíríà àti Ajẹntínà. Kì í ṣe pé ẹ̀yìn Nàìjíríà kò lágbára, ojú ló ń kúrò lára ẹni tí a kò kà sí. Àwọn tó gbàgbọ́ pé Ajẹntínà kì í ṣe òkè tí a kò lè gùn náà ní ẹ̀rí lọ́wọ́, nítorí ní ìdíje Olympics ọdún 1996, Emmanuel Amunike ló gbá ti ìgbẹ̀yìn wọlé tí wúrà fi di ti Nàìjíríà, mẹ́ta sí méjì.

Láti ọdún 2018 yẹn, Eagles kò tíì tún dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Wọn kò sí ní Qatar lọ́dún 2022, níbi tí Messi àti Ajẹntínà ti gba ife. Ti ọdún 2026 náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí DR Congo fi pẹnáritì lé wọn sẹ́yìn ní Rabat, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Àwọn tí àyà wọn já nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn lọ́jọ́ Ajé yẹn kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò máa ṣàárò irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá wà lójú ìjà nìkan ló lè máa béèrè pé ta ni yóò mú Messi.