Elizabeth Oshoba àti Fàdákà Birmingham

Elizabeth Oshoba ni abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà fún Nàìjíríà ní ìdíje Commonwealth ọdún 2022 ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ọ̀wọ́ kílò 57 ló ti jà. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kan náà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.30 gba góòlù eré onídènà ọgọ́rùn-ún mítà, ni Oshoba gun ríngì fún àṣekágbá. Michaela Walsh ti Northern Ireland ló kò lójú, àwọn adájọ́ márààrún sì fẹnu kò pé Walsh ló jàre.

Ẹni tó bá wo èsì yẹn lásán lè rò pé eré ọmọdé ni wọ́n fi Oshoba ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí Walsh máa dé àṣekágbá Commonwealth nìyẹn. Ní Glasgow lọ́dún 2014, Nicola Adams ló já a kulẹ̀. Ní Gold Coast, Ọsirélíà, lọ́dún 2018, Skye Nicolson ni. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ohùn àwọn adájọ́ kò ṣọ̀kan. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni obìnrin yìí fi ń lé góòlù kan ṣoṣo, ìgbà tí ebi góòlù náà sì ń pa á jù ni Oshoba bá a pàdé. Fàdákà tí èèyàn bá gbà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fàdákà yẹpẹrẹ.

Ìjà obìnrin ní irú ìdíje yìí jẹ́ abala mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n á dé akoto, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá balẹ̀ dáadáa lójú tàbí láyà, lókè ìgbànú, ni adájọ́ ń kà. Ẹni tó bá jàre abala kan á gba máàkì 10, ẹnì kejì á gba 9 tàbí kó dín sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ tí èèyàn bá máa jà, ó gbọ́dọ̀ gun ìwọ̀n. Abọ́ láfún kan pẹ̀lú ewédú tí a jẹ lóru lè ba iṣẹ́ oṣù púpọ̀ jẹ́.

Ilẹ̀kùn eré yìí kò pẹ́ tó ṣí fún obìnrin. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó ń darí ẹ̀ṣẹ́ àwọn tí kì í jà fówó kò gba obìnrin láàyè títí di 1996. Nígbà tí Jane Couch bèèrè fún ìwé àṣẹ láti máa jà fówó, àjọ tó ń bójú tó o kọ̀ fún un, ó sì gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Lára àwíjàre àjọ náà ni pé nǹkan oṣù kì í jẹ́ kí obìnrin dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ ìtìjú gbáà ni. Couch jàre lọ́dún 1998.

Ó di Òlíḿpíìkì London 2012 kí obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí jà fún góòlù níbẹ̀. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ, Adams, ọmọ Leeds, fi máàkì 16 sí 7 na Ren Cancan ti Ṣáínà, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba góòlù ẹ̀ṣẹ́ ní Òlíḿpíìkì. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni Anthony Joshua, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ṣágámù, gba tirẹ̀. Edith Ogoke ló ṣojú àwọn obìnrin Nàìjíríà ní London, ó sì gba idẹ ní Glasgow lọ́dún 2014.

Síbẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin ní London: kílò 51, 60 àti 75. Mẹ́wàá ni tọkùnrin. Ẹni tó wà ní 57 ní láti fi ebi pa ara rẹ̀ wálẹ̀ tàbí kó lọ bá àwọn tó tóbi jù ú lọ jà. Òlíḿpíìkì Tokyo, tó wáyé lọ́dún 2021, ni kílò 57 tó wọlé fóbìnrin.

Ní Birmingham, àmì-ẹ̀yẹ mẹ́rin ni Nàìjíríà gbà nínú ẹ̀ṣẹ́. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ tobìnrin: Oshoba gba fàdákà, Cynthia Ogunsemilore àti Jacinta Umunnakwe gba idẹ. Kódà, kò sí góòlù kan tí Nàìjíríà gbà níbẹ̀, nínú eré yòówù, tí kì í ṣe obìnrin ló gbà á.

Lẹ́yìn náà, Oshoba bọ́ sáàárín àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun. Níbẹ̀, kò sí akoto mọ́, ìbọ̀wọ́ sì fúyẹ́ sí i. Ìṣẹ́jú méjì méjì ni abala obìnrin sábà máa ń jẹ́, tó bá sì jẹ́ ti bẹ́líìtì àgbáyé, abala mẹ́wàá ni. Tọkùnrin jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, abala méjìlá. Ẹ̀ṣẹ́ kò kéré níye nínú ìṣẹ́jú méjì yẹn, torí kò sẹ́ni tó ráyè sinmi.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní ibi tí wọ́n ti lè fi ara hàn nílé. Ní oṣù Karùn-ún 2025, Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò Àjọ̀dún Eré Ìdárayá ti Orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ṣí i ní pápá ìṣeré MKO Abiola ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀ṣẹ́ wà lára eré tí wọ́n dù níbẹ̀. Òlíḿpíìkì náà ṣì wà níwájú: láti 2016 ni ìlànà rẹ̀ ti gba àwọn tó ń jà fówó láàyè, nítorí náà ọ̀nà yẹn kò dí mọ́ Oshoba. Ní Los Angeles lọ́dún 2028, ọ̀wọ́ méje ni wọ́n fún obìnrin, méje fún ọkùnrin.