Okùn Ṣúgà Inú Ibi Ọmọ àti Ibà Oyún Àkọ́bí

Aládùúgbò mi kan ní Alékúwodò, ní Òṣogbo, tí ó lóyún àkọ́bí rẹ̀, bi mí ní ọjọ́ kan pé: “Àǹtí, ó ti pẹ́ tí ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ kẹ́yìn. Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi ní kí n máa lo oògùn ibà?” Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ìbéèrè yìí tó ohun tí a ń dáhùn.

Bí a bá dárúkọ ṣúgà, èyí tí a ń fi sí tíì ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n oríṣi mìíràn wà tí ara fúnra rẹ̀ ń so pọ̀ gùn bí okùn sí ara àwọn sẹ́ẹ̀lì. Àwọn purotéènì tí ń jíṣẹ́ láti sẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì, tí wọ́n ń sọ fún ẹran ara pé kí ó dàgbà tàbí kí egbò jinná, a máa rọ̀ mọ́ okùn wọ̀nyí kí iṣẹ́ wọn lè yọrí.

Ibi ọmọ náà ní okùn ṣúgà tirẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní chondroitin sulfate. Ní ọdún 1996, Michal Fried àti Patrick Duffy, tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Kẹ́ńyà, fi hàn pé okùn yìí ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà ti wọ̀ ń dì mú. Purotéènì tí kòkòrò náà yọ síta ni ó ń lò bí ìwọ̀, tí ó sì fi ń sá pamọ́ sínú ibi ọmọ. Ara ìyá lè má gbóná rárá, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa dínkù, kí oúnjẹ ọmọ má sì tó, kí a sì bí i ní kékeré tàbí kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Àkọ́bí ni ewu yìí pọ̀ sí jù. Láti kékeré ni ara wa ti ń bá ibà jà, ṣùgbọ́n kò tíì pàdé èyí tí ń kọ́ ibi ọmọ rí. Lẹ́yìn oyún kan tàbí méjì ni ara ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá a mọ̀.

Nítorí náà, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Láti oṣù kẹrin oyún ni a ń fún aboyún ní oògùn sulfadoxine-pyrimethamine, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kéré tán, kí oṣù kan wà láàárín ìlò kan àti èkejì, kí ó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó bímọ. Ẹ má ṣe dá a rà lò fúnra yín. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí oògùn kan bá ti bá ara yín jà rí, ẹ sì dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ máa sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ti fi oògùn sí. Bí ara bá sì gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo sọ fún aládùúgbò mi nìyí: “Ibà tí o ti mọ̀ láti kékeré kọ́ ni èyí. Ọmọ inú rẹ ni ó ń bá du oúnjẹ.”