Bọ́ńpà àti Férémù Róbọ́ọ̀tì: Bí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń Kọ́ Ẹ̀rọ tí Olùyẹ̀wò Kì yóò Dá Padà

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdíje kan wà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń ṣe lọ́dọọdún, nínú èyí tí wọ́n ń fi róbọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ figagbága. Dean Kamen, ògbóǹtagí nínú ṣíṣe ẹ̀rọ tuntun, ni ó dá ẹgbẹ́ FIRST tí ó ń ṣe ètò ìdíje yìí sílẹ̀ ní ọdún 1989. Ìdíje àkọ́kọ́ wáyé ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní ọdún 1992, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ 28 ni ó sì kópa níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ láti Kánádà, Tọ́kì, Bràsíìlì, Ọsirélíà àti ilẹ̀ mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ní oṣù kìíní ọdún ni a máa ń gbé ìwé òfin eré tuntun jáde, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ní láti parí ẹ̀rọ wọn. Bí wọ́n bá dé ibi ìdíje, olùyẹ̀wò yóò kọ́kọ́ wọn ẹ̀rọ náà, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Èyí tí kò bá bá òfin mu kò ní wọ pápá títí a ó fi tún un ṣe. Ọ̀kan nínú ohun tí ó sábà máa ń dá àwọn ọmọ dúró níwájú olùyẹ̀wò ni bọ́ńpà.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó mọ bọ́ńpà. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe lára róbọ́ọ̀tì: òun ni ó ń gba ìkọlù dípò ara ẹ̀rọ. Róbọ́ọ̀tì mẹ́ta aláwọ̀ pupa àti mẹ́ta aláwọ̀ búlúù ni ó ń bá ara wọn du àyè nínú eré kan, ní orí pápá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 54, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 27. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó sì kọlu ògiri, agbára ìkọlù náà kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ tí ó já bọ́ láti ibi tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Férémù tí kò ní ààbò yóò wọ́, wáyà yóò sì já.

Ohun tí ó ń mú bọ́ńpà wúlò kò ṣòro láti yé ènìyàn. Bí ẹ̀rọ bá dúró lójijì láàárín ìdá mẹ́rin ínṣì kan, gbogbo agbára ìkọlù ni yóò dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí fóòmù bá fún un láyè láti rìn tó odidi ínṣì kan kí ó tó dúró, agbára tí yóò dé ara rẹ̀ yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ní ìlànà ọdún 2024, ohun mẹ́ta ni a fi ń ṣe bọ́ńpà. Èkíní ni pákó tí ó nípọn ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, tí ó sì ga ní nǹkan bí ínṣì 5. Èkejì ni fóòmù róbótó méjì, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń léfòó lójú omi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn ní ínṣì 2½, tí a tò lé ara wọn ní iwájú pákó náà. Ẹ̀kẹta ni aṣọ líle tí ó ń dán, tí a fi bo gbogbo rẹ̀. Fóòmù ni ó ń gba ìkọlù, pákó ni ó ń pín in káàkiri, férémù ni ó sì ń gbé ẹrù náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe aláìlágbára, asán ni iṣẹ́ àwọn yòókù.

Nítorí náà ni òfin kò fi ya bọ́ńpà nípa kúrò lára férémù. Ní ìlànà ọdún 2024, bí a bá fa okùn yí férémù ká ní ibi tí bọ́ńpà yóò dúró sí, gígùn okùn náà kò gbọdọ̀ ju ínṣì 120 lọ. Ẹgbẹ́ kan lè ṣe férémù tí ó jẹ́ ínṣì 30 ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òmíràn lè ṣe é ní ínṣì 28 sí 32. Pákó àti fóòmù yóò fi ínṣì 3¼ kún ìhà kọ̀ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ oní-ínṣì 30 yóò di ínṣì 36½ nígbà tí ó bá wọ bọ́ńpà rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣírò èyí yóò rí i lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ẹ̀rọ òun kò lè gba ibi tí ó rò pé yóò gbà kọjá.

Gíga rẹ̀ náà ní òfin. Ní ọdún 2024, gbogbo bọ́ńpà ní láti wà láàárín ilẹ̀ àti ínṣì 7½, kí ti ẹ̀rọ kan lè máa pàdé ti èkejì. Bí a bá gbé férémù ga jù nítorí táyà ńlá, pákó kò ní rí ohun tí yóò fara tì. Bẹ́ẹ̀ ni òfin sì ní kí férémù wà lẹ́yìn pákó náà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kí àyè tí kò ní ohun tí ó gbé e dúró má sì gùn ju ínṣì 8 lọ, àfi bí àlàfo tí ó wà níbẹ̀ kò bá ju ìdá mẹ́rin ínṣì lọ.

Igun ni ìkọlù ti ń burú jù. Ní ìlànà ọdún 2024, ó kéré tán, bọ́ńpà ní láti bo ínṣì 6 ní ìhà méjèèjì igun kọ̀ọ̀kan. Èyí fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣí àárín iwájú ẹ̀rọ rẹ̀ láti máa fi kó bọ́ọ̀lù: lára ìhà tí ó jẹ́ ínṣì 30, ínṣì 18 ni ó kù. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá gé férémù sí ti di ibi tí kò lágbára. Ó yẹ kí a fi irin mìíràn dì í láti ẹ̀yìn.

Àwọ̀ pupa tàbí búlúù ni bọ́ńpà ń ní, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹgbẹ́ tí a kọ ní funfun, nítorí ìhà tí ẹgbẹ́ kan wà lè yí padà láti eré kan sí òmíràn. Bákan náà, ìwọ̀n pọ́n-ùn 125 tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀ kò ka bọ́ńpà àti bátìrì mọ́ ọn, nítorí náà ni a fi ní láti lè yọ bọ́ńpà kí a tó gbé ẹ̀rọ sórí òṣùwọ̀n. Ìlànà gbà pé ènìyàn méjì yẹ kí ó lè yọ ọ́ tàbí dè é láìtó ìṣẹ́jú 5. Ihò bóòtù tí yóò mú un dúró, láti ìgbà tí a bá ń gé irin férémù ni ó yẹ kí a ti lu ú.

Kì í ṣe ìfìyàjẹni ni òfin wọ̀nyí. Ní ọdún 2015, nígbà tí ìhà kọ̀ọ̀kan dúró sí apá tirẹ̀ lórí pápá, tí kò sí ìkọlù láàárín wọn, òfin kò béèrè bọ́ńpà rárá. Ní ọdún 2016, tí àwọn ẹ̀rọ ní láti gun orí onírúurú ìdènà, a gbé àyè bọ́ńpà sókè kúrò nílẹ̀. Bí eré ti rí ni òfin ń rí, nítorí náà ni ìwé òfin ọdún tí ó kọjá kò fi tó láti fi kọ́ ẹ̀rọ ọdún tuntun.

Àwọn ẹgbẹ́ tí ó gbọ́n a máa ya àwòrán bọ́ńpà àti férémù pọ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n tó gé irin kankan. Àwọn tí ó fi bọ́ńpà sí ìkẹyìn ni a máa ń rí ní ibi ìdíje tí wọ́n ń gé pákó lójú olùyẹ̀wò, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti wà lórí pápá. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.