Àgbáyun àti Ìlera: Ohun tí Èso náà Lè Ṣe àti Ohun tí Kò Lè Ṣe

Bí èso kan bá ti òkè òkun wá nínú agolo, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ó ń wo oríṣiríṣi àrùn, kíá ni àwọn ènìyàn máa ń náwó sí i. Àgbáyun kò rí irú iyì bẹ́ẹ̀ gbà ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, ní Japan àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, òun gan-an ni èso àjèjì tí wọ́n ń fi owó gọbọi rà, èso ìyanu sì ni wọ́n ń pè é. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, níbi tí igbó kìjikìji ti ń fi àyè sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀dàn, ọmọ ilé-ìwé tó mọ àgbálùmọ̀ dunjú lè dàgbà láìfojú kan àgbáyun rí.

Igi kékeré ni àgbáyun, Synsepalum dulcificum lédè onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹbí kan náà ni òun àti àgbálùmọ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní ọ̀sán, àti igi ẹ̀mì tí a ti ń rí òrí. Èso rẹ̀ a máa pupa fòò bó bá pọ́n. Kóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kóró yìí ló sì gba ibi tó pọ̀ jù, tí ohun tí ènìyàn lè rí lá níbẹ̀ kò fi ju díẹ̀ lọ. Èso náà fúnra rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá lá a tán ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ọsàn wẹ́wẹ́ tó yẹ kó mú ojú ènìyàn rún yóò wá dùn bí ẹni pé wọ́n da oyin lé e lórí. Èyí lè wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí dé wákàtí méjì. Ohun kíkan nìkan ló ń sọ di dídùn o. Ewúro yóò ṣì máa korò.

Ní 1725, ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, rí bí àwọn ènìyàn etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ń jẹ ẹ́. Ní 1852, William Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń fi í jẹ kẹ́ńkẹ́ tó ti kan, wọ́n sì ń fi í mu ẹmu tó ti kan. Àwọn ìwé kan a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn àlejò wọ̀nyí ló ṣàwárí èso náà. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló fi hàn wọ́n. (Orúkọ Daniell yìí kan náà ló wà lára orúkọ sáyẹ́ǹsì ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, Thaumatococcus daniellii. Èso tirẹ̀ náà ní adùn tó pọ̀ ju ti ṣúgà lọ fíìfíì.)

Ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ yọ èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jáde. Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler ṣe é ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Netherlands náà sì ṣe é lọ́tọ̀. Purotéènì ni, miraculin ni wọ́n sì sọ ọ́. Ní 2011, ìwádìí láti Japan jẹ́ kí ó yé wọn bó ṣe ń ṣiṣẹ́: miraculin a máa lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, a sì dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí ohun kíkan bá dé ẹnu ni ó tó jí, ahọ́n yóò sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ṣúgà dé. Iná ń ba purotéènì yìí jẹ́, nítorí náà àgbáyun tí wọ́n bá sè kò lè ṣe iṣẹ́ yìí mọ́.

Èyí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ mú ẹni tó ń ra ògùn inú ìgò tí wọ́n pè ní ti àgbáyun ronú. Ọ̀rọ̀ pé èso náà kún fún fítámì pẹ̀lú gba ìṣọ́ra. Bí fítámì C tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, mélòó ni ènìyàn lè rí nínú ohun tí kò kún orí ahọ́n? Ẹni tó bá fẹ́ fítámì, kí ó wá ọsàn, ìbẹ́pẹ àti àgbálùmọ̀ lọ sí Ọjà Ọba ní Ìkàrẹ́. Ìwọ̀nyí ni ènìyàn lè jẹ yó. Lóòótọ́, ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Taiwan fún eku ní àgbáyun, wọ́n sì rí i pé ara àwọn eku náà túbọ̀ gba insulin dáadáa. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn, ìwádìí kan kì í sì í sọ èso di oògùn. Alárùn àtọ̀gbẹ tó bá torí àgbáyun pa oògùn dókítà tì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Ibi tí èso yìí ti wúlò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé ó lè bá a dín ṣúgà kù. Ẹni tí kò lè mu ògì kíkan láìbu ṣúgà sí i lè lá àgbáyun kan ṣáájú, kí ó sì mu ún bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àgbàdo inú ògì náà yóò ṣì di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n ṣì ni. Ti àwọn alárùn jẹjẹrẹ náà tún wà níbẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń gbà a máa ba ẹnu wọn jẹ́ débi pé oúnjẹ á máa rùn sí wọn bí irin. Ní 2012, wọ́n fi àgbáyun dán an wò ní Amẹ́ríkà lára aláìsàn mẹ́jọ péré, wọ́n sì ní oúnjẹ dùn lẹ́nu àwọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mẹ́jọ kéré, ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò rí oúnjẹ gbé mì, kì í ṣe ohun kékeré.

Ewu kan wà tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sọ. Ahọ́n nìkan ni àgbáyun ń tàn jẹ. Kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ kò kúrò níbẹ̀. Ọmọdé tó bá fi í jẹ ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́wàá yóò gbádùn ara rẹ̀ títí eyín yóò fi kan án, ẹni tó bá sì ní ọgbẹ́ inú yóò mọ̀ ọ́n lára kí ilẹ̀ tó ṣú. Bákan náà ni ẹmu kíkan tó di dídùn kò ṣíwọ́ láti máa pa ènìyàn.

Ìjọba Amẹ́ríkà dí ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ fi èso yìí rọ́pò ṣúgà lọ́wọ́ ní 1974, ilé-iṣẹ́ náà sì wó. Ní 2021, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fàṣẹ sí títa àgbáyun gbígbẹ ní ọjà wọn. Àwọn oníṣòwò ibòmíràn ti ń gbìn ín fún títà. Ní tiwa, bí wọ́n bá ń ro oko kòkó tàbí tí wọ́n ń ṣán ilẹ̀ ilé, ada kì í mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí igbó.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ gbìn ín sí ọgbà ilé-ìwé gbọ́dọ̀ tètè ṣe é, nítorí kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú bó bá ti gbẹ. Kí ó gbìn ín bó bá ti ń jáde nínú èso, sí ibi tí òjìji díẹ̀ wà, kí ó sì máa bomi rin ín lọ́gbẹlẹ̀. Yóò tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó so. Láàrin ìgbà náà, iṣẹ́ kan wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ohùn ẹnu Àkókó kì í ṣe ọ̀kan, ó ń yí padà láti ìlú sí ìlú. Kí wọ́n bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe èso náà àti ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.