Imú tí kò gbọ́ òórùn mọ́: ṣé abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara ẹni lè tún un ṣe?

Ẹni tó ń ta tòmátì ní Mile 12 mọ̀ pé imú ló ń kọ́kọ́ sọ pé apẹ̀rẹ̀ kan ti ń bàjẹ́. Nílé, imú yìí náà ló ń ta wá lólobó bí gáàsì bá ń jò. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹni tí kò gbọ́ òórùn mọ́ wà nínú ewu o.

Àrùn Kòrónà, ọ̀fìnkìn líle tàbí kéèyàn forí gbá lè fà á. Ti ọ̀pọ̀ máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti àwọn míì á di oṣù, á di ọdún.

Irú wọn ni àwọn dókítà Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tí Zara Patel ṣáájú, dán abẹ́rẹ́ PRP wò fún. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i bírí títí omi rẹ̀, tó ní èròjà tó ń jẹ́ kí egbò jinná, á fi yà sọ́tọ̀. Òun ni wọ́n ń gún sókè inú imú, níbi tí iṣan òórùn wà.

Èèyàn 26 ló parí ìwádìí náà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gún wọn, ọ̀sẹ̀ méjì méjì síra. Lóṣù kẹta, nǹkan bí ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba PRP ló sàn sí i. Ìdá 8 péré ni ti àwọn tó gba omi iyọ̀ lásán. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bi aláìsàn bó ṣe rí lára rẹ̀, ìyàtọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Èèyàn 26 sì kéré.

Nítorí náà, ẹ má tíì sáré náwó. Ní 2009, Thomas Hummel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi hàn pé a lè kọ́ imú padà: kéèyàn máa fín òórùn róòsì, eucalyptus, lẹ́mọ́ọ̀nù àti kànáfùrù láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ó gba sùúrù, àmọ́ kò gba abẹ́rẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun, bíi ní LUTH, Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH, Ìkẹjà. Kó tó dìgbà náà, ẹ máa ti gáàsì pa láti orí sílíńdà, kí ará ilé sì máa bá yín gbóòórùn ọbẹ̀ àná.