Oyè Àrẹ̀mọ ní Ọ̀yọ́

Ọjọ́ kẹjọ ni a mọ̀ pé a ń sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ààfin Ọ̀yọ́, a a máa sọ ọmọ kan lórúkọ lẹ́yìn tí ó ti hu irùngbọ̀n. Ọmọ náà ni Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọkùnrin Aláàfin. Àkọ́bí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíbí nìkan kò sọ ọ́ di Àrẹ̀mọ. A ní láti fi oyè náà jẹ ẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, wí pé ìsọmọlórúkọ gan-an ni a ń pe ayẹyẹ náà, bí ẹni pé ọjọ́ náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Nítorí èyí ni a ṣe ń pè é ní “Ọmọ” láàrin àwọn ọmọ ọba yòókù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ọba a sì gba oyè tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí Aláàfin kò bá ì tí ì ní ọmọkùnrin tí ó tó oyè í jẹ, àbúrò rẹ̀ tàbí ìbátan mìíràn ni yóò jẹ ẹ́ de ọmọ náà.

Ní ayé àtijọ́, Àrẹ̀mọ a máa bá baba rẹ̀ ṣe ìjọba, agbára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọba. Ní àtètèkọ́ṣe òun ni í jogún ìtẹ́. Johnson sọ pé ìwà ìkà Àrẹ̀mọ Aláàfin Òjígí ni ó mú kí àwọn ìjòyè ṣe é ní òfin pé bí ọba bá wàjà, Àrẹ̀mọ yóò bá a kú. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí gbogbo ìlú ń bá yọ̀ ní ọjọ́ oyè mọ̀ dájú pé a ti so ẹ̀mí òun mọ́ ẹ̀mí baba òun. Òfin líle ni. Síbẹ̀ àwa rò pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: ọmọ tí yóò bá baba kú kò jẹ́ fi májèlé sínú oúnjẹ baba.

Aláàfin Àtìbà ni ó yí i padà. Ó fẹ́ràn Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, ó sì bá àwọn olóyè sọ ọ́ kí ó tó wàjà pé kí Adélù má ṣe kú, kí ó jọba. Àtìbà wàjà ní 1859. Àwọn ará Ìbàdàn gbà fún Adélù. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀, ó ní kò bá àṣà mu. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ṣùgbọ́n Kúrunmí kú ní 1861, ìlú náà sì fọ́ ní 1862, pẹ̀lú iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yè sá lọ sí Abẹ́òkúta.

Adélù jọba títí di 1875. Nígbà tí òun náà wàjà, kì í ṣe Àrẹ̀mọ rẹ̀ ni a fi jẹ. Adéyẹmí, àbúrò rẹ̀, ni ó gun orí ìtẹ́.